Nígbà tí 339 di 130

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, iye àwọn tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kéde pé àrùn Kòrónà ti mú ní orílẹ̀-èdè wa já láti 339 sí 130. Kò sí ẹni tí ó jí dìde láti inú ibojì. Kò sí oògùn tuntun tí ó wo 209 ènìyàn sàn mọ́jú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà ni wọ́n yí padà.

Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro. Oríṣi àyẹ̀wò méjì ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe kíákíá. Kì í wá kòkòrò àrùn fúnra rẹ̀. Àmì tí ó kù nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá ti bá kòkòrò náà jà ni ó ń wá, ó sì lè ṣì í mú. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní PCR, tí ó ń wá kòkòrò náà gan-an nínú ohun tí wọ́n bá fi òwú nù láti inú imú tàbí ọ̀nà ọ̀fun. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n pa èsì méjèèjì pọ̀, wọ́n sì ń kéde àpapọ̀ wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n pinnu pé kìkì ẹni tí PCR bá fi hàn ni àwọn yóò máa kà. Àwọn 209 yòókù bọ́ sílẹ̀ nínú ìṣirò.

Ẹni tí ó ń gbé Àjàṣẹ́ nígbà náà yóò rántí bí ìgbà náà ti rí. Odi tí ìjọba fi yí Kùtọ̀nú, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tí ó múlé gbè wọ́n ká láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, èyí tí a mọ̀ sí cordon sanitaire lédè Faransé, ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ni. Àjàṣẹ́ wà nínú odi náà. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá wà lápá kan, ọmọ wà lápá kejì. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí wà ní títì. Àwọn ènìyàn fara da gbogbo èyí nítorí iye kan tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò. Nígbà tí iye náà wá dínkù ju ìdajì lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń gbọ́ ní ọjà, lórí zémíjàn, àti nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́: «Ẹ ò rí i bí? A ti sọ fún yín pé irọ́ ni.»

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí. Ẹni tí ó fún wa ní iye kan lánàá, tí ó sì padà wá lónìí láti sọ pé iye náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣé ó ti di òpùrọ́ lójú wa ni, àbí ìgbà yìí gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ẹni tí a lè gbà gbọ́?

Èdè wa ní ohun èlò kan fún ìbéèrè yìí tí a kì í sábà rántí lò. Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. O. Sodipo, àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ méjì tí wọ́n ti kọ́ni ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì fún ìgbà pípẹ́. Lára ohun tí wọ́n ń bi wọ́n ni pé: ìgbà wo ni ènìyàn lè sọ pé òun mọ nǹkan, ìgbà wo ni ó sì yẹ kí ó sọ pé òun gbà á gbọ́? Ìdáhùn tí wọ́n rí gbà ni pé ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ènìyàn mọ̀. Ohun yòówù mìíràn, ìbáà ti ẹnu bàbá ẹni jáde, ìbáà wà nínú ìwé tí ó nípọn jù lọ, gbígbà ni a gbà á gbọ́. A gbọ́ ọ, a sì gbà á.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé «je sais que la Terre tourne autour du Soleil». Bí a bá ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá bí àgbà ti ń sọ̀rọ̀, ohun tí wọn yóò sọ ni pé: wọ́n kọ́ wa pé ayé ń yí oòrùn po. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Ẹni tí ó sọ pé «wọ́n kọ́ mi» ti jẹ́ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ dán an wò. Àgbàlagbà ilé wa tí ẹnì kan bá ròyìn nǹkan fún kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá òótọ́ ni. Ohun tí ó máa ń béèrè ni pé: ta ni ó sọ ọ́? Níbo ni ẹni náà wà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀?

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìròyìn Kòrónà, kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó mọ iye àwọn tí àrùn náà mú. Mínísítà kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì kan gba ohun àyẹ̀wò, ilé àyẹ̀wò kọ èsì sílẹ̀, ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìlera, ẹlòmíràn ṣe àròpọ̀, akọ̀ròyìn kà á, ẹni tí ó gbọ́ èdè méjì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. «Wọ́n ní» mẹ́fà ni ó wà nínú iye kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nígbà tí iye náà bá jáde láti inú asọ̀rọ̀mágbèsì, gbogbo «wọ́n ní» náà ti bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ohun tí ó kù ni «339», bí ẹni pé olóyè kan dúró ní oríta tí ó sì fi ìka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kọjá.

Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé láti alẹ́ àkọ́kọ́ ni a ti ń gbọ́ pé «nínú àwọn tí a yẹ̀ wò, pẹ̀lú irú àyẹ̀wò báyìí, iye tí a rí títí di ọ̀sán òní nìyí», 130 kì bá tí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. A kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ bí ẹni pé àwọn olóhùn Yorùbá lórí rédíò ni a ń bá wí. Ìkéde máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn lédè Faransé nígbà tí ìṣẹ́jú díẹ̀ bá kù kí ìròyìn bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jókòó pẹ̀lú wọn láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó lè ya àmì inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára kòkòrò àrùn. Láàárín «àwọn tí àrùn náà wà lára wọn» àti «àwọn tí a rí i lára wọn», ọ̀rọ̀ kékeré ni ó wà. Odidi ìgbẹ́kẹ̀lé ìlú ni ó gba àárín wọn lọ.

Nítorí ẹni tí a kò yẹ̀ wò, a kò lè kà á. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lusaka, olú-ìlú Sáńbíà, fi èyí hàn kedere. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn oníwádìí yẹ òkú 364 wò ní ilé ìgbókùúsí ti ilé-ìwòsàn ńlá tí ó jẹ́ ti yunifásítì níbẹ̀. Wọ́n rí kòkòrò Kòrónà lára 70 nínú wọn. Nínú 70 yìí, 51 ni kò kú sí ilé-ìwòsàn, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò kí ó tó kú. Àwọn 19 yòókù kú sí ilé-ìwòsàn, 6 péré ni wọ́n sì ti yẹ̀ wò. Èyí ṣẹlẹ̀ ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ káàkiri ayé pé àrùn náà ti fo Áfíríkà dá. Kò sí ẹni tí ó parọ́ ní Lusaka. Iye tí wọ́n kéde jẹ́ òótọ́ fún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Àwa tí a gbọ́ ọ ni a sọ ọ́ di iye gbogbo ìlú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Áfíríkà nìkan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbogbo ikú ọdún 2020 àti 2021 wé iye tí ó yẹ kí ó kú bí àrùn náà kò bá wá, wọ́n sì ní àlékún náà tó mílíọ̀nù 14,9. Iye tí àwọn orílẹ̀-èdè kéde pé Kòrónà pa láàárín ọdún méjì kan náà kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 5,4 lọ.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé 163 ènìyàn ni iye tí Bẹ̀nẹ̀ kéde pé Kòrónà pa, a kò gbọdọ̀ sáré. Àwọn kan ní: «Ọlọ́run yọ wá.» Àwọn mìíràn ní: «Wọ́n fi pamọ́ ni.» Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ̀. Òótọ́ ni pé ọmọdé àti ọ̀dọ́ pọ̀ láàárín wa, nǹkan bí ìdajì àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ni kò tí ì pé ogún ọdún, àgbàlagbà sì ni àrùn yìí pa jù. Òótọ́ tún ni pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ń kú sórí ibùsùn wọn, láìsí dókítà tí yóò sọ ohun tí ó pa wọ́n. 163 ni ilẹ̀ tí a lè tẹ̀. Bí odò náà ti jìn tó lábẹ́ rẹ̀, iye yẹn kò sọ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Tàǹsáníà gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2020, iye tí wọ́n kéde jẹ́ 509, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Ààrẹ Magufuli ní wọ́n ti fi ohun tí a gbà lára ewúrẹ́ àti ìbẹ́pẹ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, èsì sì ní wọ́n ní Kòrónà. 509 yẹn kò lọ sókè, kò bọ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rí i kí ó yí padà, kò sì sí ẹni tí ó lè pe ẹni tí ó kà á ní aláìdúróṣinṣin. Ṣùgbọ́n èwo nínú iye méjèèjì ni ẹ fẹ́ gbé ẹ̀mí ìyá yín lé, 509 tí kò mì, tàbí 339 tí ó wálẹ̀ sí 130 ní ojú gbogbo ènìyàn? Ní tiwa, a ó mú èyí tí ó wálẹ̀. Oníṣòwò tí ó bá pe oníbàárà padà láti sọ pé ìwọ̀n òun kò pé, ẹ lè bínú sí i, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ó tún lọ ra àgbàdo lọ́jọ́ kejì.

Ìtàn ti fìyà jẹ olóòótọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 tí gbogbo ayé ń pè ní «grippe espagnole» kò bẹ̀rẹ̀ ní Sípéènì. Ogun ńlá ń lọ lọ́wọ́. Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì kò jẹ́ kí àwọn ìwé ìròyìn wọn kọ nípa àìsàn tí ń pa àwọn ọmọ ogun. Sípéènì kò sí nínú ogun náà, àwọn oníròyìn rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n rí, títí kan àìsàn ọba wọn. Nítorí pé àwọn ni wọ́n sọ̀rọ̀, orúkọ wọn ni àìsàn náà gbà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, a kò tí ì gba orúkọ náà kúrò lọ́rùn wọn.

A kò lè sọ gbogbo èyí kí a má sọ ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn wa di ẹni tí ń fura. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2020, lórí LCI, ilé-iṣẹ́ tẹlifísọ̀n kan ní Faransé, oníṣègùn kan àti oníwádìí kan jókòó wọ́n ń bára wọn sọ ọ́ bóyá kò ní dára kí wọ́n dán àjẹsára BCG wò sí Kòrónà ní Áfíríkà, níbi tí kò ti sí ìbòmú àti ìtọ́jú. Ọ̀kan nínú wọn tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti dé orí tẹlifóònù gbogbo wa. Ní oṣù kan náà, Ìgbìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé fún Áfíríkà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ọ́ pé ikú Kòrónà ní Áfíríkà yóò tó 300 000 ó kéré tán, pé ó sì lè tó mílíọ̀nù 3,3 bí a kò bá ṣe ohunkóhun láti dá a dúró. Ohun tí ó délé wa ni mílíọ̀nù 3,3. «Bí» náà ṣubú sọ́nà. Lẹ́yìn náà ni ti hydroxychloroquine. The Lancet, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ó lórúkọ jù ní ayé, tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún pé oògùn náà ń ṣèpalára. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, wọ́n fà á padà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fìdí àwọn iye inú rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán, bí ó bá rí ekòló, á sá. A kò lè pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti yapa kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ó ní «irọ́ ni gbogbo rẹ̀» nìyí: ẹni tí ó ní òun kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ti gba ẹnì kan gbọ́. Ohùn kan ni ó gbọ́ lórí WhatsApp, ohùn tí kò lórúkọ, tí kò sọ ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀, tí kò sì ní padà wá láé láti sọ pé òun ṣì í kà. Gbogbo ìbéèrè tí ó bi mínísítà, kò bi ohùn náà ní ọ̀kan ṣoṣo. Àìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ná ẹni tí ń tàn án kálẹ̀ ní ohunkóhun. Àgbàlagbà tí ó wà nínú yàrá kejì, tí wọ́n ní kí ó má gba àjẹsára, ni ó ń san gbèsè náà.

Apá kan ṣì wà tí a kì í fẹ́ dá. A máa ń sọ̀rọ̀ iye bí ẹni pé ọ́fíìsì ìjọba ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú agbo ilé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ìkéde òkú lórí rédíò ìlú wa ní ọjọ́ yòówù: ọmọ mélòó ni olóògbé bí, ìyàwó ọmọ rẹ̀, àna rẹ̀, ọjọ́ àìsùn, ọjọ́ ìsìnkú, aṣọ tí a ó wọ̀, gbogbo rẹ̀ ni a ó gbọ́. Ohun tí ó pa á? «Àìsàn ránpẹ́.» A kò mọ ìdílé kan tí ó jẹ́ kí a kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní 2020 pé Kòrónà ni ó pa bàbá àwọn.

Ìṣe yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, a kì í dárúkọ Ṣànpọ̀nná gbá gbá. «Olóde» ni a ń wí, tàbí kí a ní ilẹ̀ gbóná. Ẹni tí ó bá pa, a kì í ké ẹkún rẹ̀ síta. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 1980 pé àrùn náà ti tán láyé, ṣùgbọ́n ahọ́n wa kò tí ì gbàgbé bí a ti ń yí orúkọ àìsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tí ó bá bi ìyá kan pé ọmọ mélòó ni ó ní, «Ọlọ́run ni ó mọ̀ wọ́n» ni yóò gbọ́. Àwa tí irú àṣà yìí wà lára wa ni a tún ń bi ìjọba pé kí ló dé tí iye rẹ̀ kò pé.

Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé ìtìjú yẹn ní ìdí. Òótọ́ ni. Ilé tí wọ́n bá ti pe ní ilé Kòrónà, kò sí ẹni tí ń ra nǹkan lọ́wọ́ wọn mọ́. Òkú tí wọ́n bá ní Kòrónà pa, ènìyàn díẹ̀ ni yóò sin ín, láìsí ìlù, láìsí àìsùn, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa ru ẹ̀gàn náà kiri. Ọmọ tí ó fi ìdí ikú bàbá rẹ̀ pamọ́ kí bàbá náà lè rí ìsìnkú tí ó yẹ ẹ́, a kò lè pè é ní òpùrọ́ bí a ti ń pe ẹni tí ó ta ayédèrú oògùn. Gbèsè méjì ni ó wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀kan fún òkú, ọ̀kan fún àwọn tí ó ṣì wà láàyè ní àdúgbò, kò sì sí owó tí yóò san méjèèjì. Bí a bá fẹ́ kí ó san èkejì, ẹni tí ó wá béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bò ó láṣìírí. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ń sọ orúkọ aláìsàn ní ọjà ń ba iye jẹ́ ju akọ̀ròyìn tí ó ṣi èsì kà lọ, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò wá mọ́.

Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìdánwò CEP, gbogbo wa ni a máa ń sáré lọ sí ọ́fíìsì arrondissement láti wá ìwé ìbí rẹ̀, nítorí pé láìsí i, wọn kò ní jẹ́ kí ó jókòó. Ìwé ikú kò ní irú olùfìyàjẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní owó ní báńkì, tàbí owó ìfẹ̀yìntì, tàbí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ fẹ́ pín, òun ni a máa ń bá wá ìwé ikú. Ìyá àgbà tí ń ta àkàrà ní oríta, tí ó wú ikọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọdún 2020, tí wọ́n sì sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, kò sí ẹni tí ó gba tirẹ̀. Kò sí nínú 339, kò sí nínú 130, kò sì sí nínú 163.